Àdùnní, fi ẹsẹ̀ rẹ mọ Pyrgi ná

Ìbàdàn,
9 Oṣù Kẹwàá.

Àdùnní ọmọ mi,

Ohùn rẹ tí mo gbọ́ lórí fóònù lálẹ́ àná kò jẹ́ kí n sùn. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti dé Pyrgi, ní erékùṣù Chios nílẹ̀ Gíríìsì, ti dà bí ọdún mẹ́ta. O ní abúlé náà dákẹ́ jù, àwọn àgbà tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ń wò ọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bàbá kan tiẹ̀ dá ọ dúró, ó ní, "Tínos íse?" Nígbà tí o wá ìtumọ̀ rẹ̀, "Ti ta ni ọ́?" lo rí, inú sì bí ọ, o ní ṣé ẹrú ẹnìkan ni ọ́ ni. O wá ní bí owó bá ti wọlé, ọ̀kadà lo máa rà, kí o lè máa gba ẹ̀yìn abúlé lọ sí yunifásítì ní Chóra, olú ìlú erékùṣù náà, láìrí ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ti fẹ́ fèsì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo dúpẹ́ pé ó já, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kì í ṣe èyí tí a ń sọ kánmọ́kánmọ́. Má tíì ra ọ̀kadà. Mo bẹ̀ ọ́. Fi ẹsẹ̀ rẹ rin Pyrgi títí Kérésìmesì á fi dé ná.

"Ọmọ ta ni ọ́?" ni bàbá yẹn ń bi ọ́. Ìbéèrè tí àwọn àgbà abúlé ilẹ̀ Gíríìsì máa ń bi ọ̀dọ́ tí wọn kò mọ̀ nìyẹn. Bàbá tèmi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, kì í jẹ́ kí ọmọdé kankan gba iwájú ilé wa ní Bẹẹrẹ kọjá láìbi í pé, "Ìwọ, ọmọ ilé ta ni?" Wọ́n fẹ́ mọ ilẹ̀kùn tí wọn ó kàn bí o bá ṣubú lójú ọ̀nà ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, iṣẹ́ àgbà ni àwọn tí o rí lórí àga yẹn ń ṣe. Lọ́jọ́ mìíràn, dúró, kí o sọ fún wọn pé ọmọ Níkì ni ọ́, Níkì tó tọ́jú yiayia, ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Níkẹ̀ẹ́ ni mo pe orúkọ mi fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Níkì ni etí wọn gbọ́, torí àwọn náà ń sọ ọmọ ní Níkì, ìṣẹ́gun sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. N kò tún un ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ Níkì.

Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́, torí ó ṣe mí rí. Nígbà tí mo dé ní 2009, ńṣe ni mo máa ń sorí kodò tí mo bá ń lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n kọ́ mi nílé pé ọmọ tó ń wo àgbà lójú kò lẹ́kọ̀ọ́, n kò sì gbọ́ èdè wọn, mo rò pé bí mo ṣe ń yọ́ kọjá jẹ́jẹ́ yẹn, ọ̀wọ̀ ni. Ó tó oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ yiayia, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní, "Níkì, àwọn obìnrin ń bi mí pé kí ni wọ́n fi ṣẹ̀ ọ́ tí o kì í fi í kí wọn." Táwẹ́ẹ̀lì bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. Èmi, ọmọ Yorùbá, wọ́n ní n kì í kí èèyàn! Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ títí dé ilé búrẹ́dì: "Kaliméra sas, kaliméra sas." Ìyá kan wà tí kì í gbójú sókè tí mo bá ń kọjá, tòmátò ni wọ́n ń fi òwú so lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé okùn náà kalẹ̀ sórí itan wọn, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì já tòmátò mẹ́ta nínú èyí tí wọ́n ti so, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé Pyrgi. Gbogbo oṣù tó ṣáájú, mo kàn ń sùn níbẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìwọ tí ò ń kọjá ni kí o kọ́kọ́ kí wọn. Kaliméra láàárọ̀, kalispéra tí oòrùn bá ti ń yẹ̀. Fún àgbà, "yásas" ni, má sọ "yásu" fún wọn láéláé àfi tí àwọn fúnra wọn bá ní kí o máa sọ ọ́. "Ẹ" àti "o" tiwa náà ni, kò gbọdọ̀ ni ọmọ tí mo tọ́ lára. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní ẹ kú fún ohun gbogbo, àwọn náà ní tiwọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, "kaló mína" ni. Ní àkókò tí òtútù ń bọ̀ yìí, "kaló himóna", pé kí òtútù sàn wá. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun tàbí tó wọ aṣọ tuntun, "me yiá". Bí ó bá jẹ́ ilé ọ̀fọ̀ lo bá pàdé, "zoí se sas" ni kí o wí, kí ẹ̀mí wọn gùn, kí o sì rẹ ohùn rẹ sílẹ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ẹ̀kọ́ yunifásítì yóò fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, àmọ́ ohun tí mo ń wí yìí ló máa fún ọ ní ilé.

Tètè jí ní Sátidé yìí, kí o rin inú abúlé kí ooru tó dé. Wo ògiri. Xystá ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ọ̀nà yẹn, ohun tí a há. Wọ́n á fi iyanrìn dúdú rẹ́ ara ilé, wọ́n á fi ẹfun kùn ún, kí ó tó gbẹ wọ́n á wọn ìlà, wọ́n á sì fi fọ́ọ̀kì há ibi tó yẹ kó dúdú. Mo dúró wo bàbá kan tó ń ṣe é rí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, ó ń há a díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ìyá alàgbà ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Mo wọ aṣọ Ìbàdàndùn mi lọ síbi ijó ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ, àjọ̀dún Màríà, ìyá kan di etí aṣọ mi mú, ó nà án sí ara ògiri, ó ń tọ́ka sí èyí, ó ń tọ́ka sí ìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ náà wà nínú àpótí rẹ, mo kó o sí abẹ́ súwẹ́tà. Wọ̀ ọ́.

Má bẹ̀rù pé o máa sọnù. Ńṣe ni wọ́n dìídì kọ́ abúlé náà bẹ́ẹ̀ kí àjèjì lè sọnù. Àwọn ará Genoa, ìlú kan ní Ítálì, ló ni Chios lọ́wọ́ láti 1346 di 1566, nígbà tí olè orí omi pọ̀. Ẹ̀yìn àwọn ilé tó wà létí abúlé ni ó jẹ́ odi, ọ̀nà inú rẹ̀ há, òrùlé tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sún mọ́ra débi pé èèyàn lè gba orí òrùlé sá dé ilé ìṣọ́ tó wà láàárín. Bí ọ̀nà bá dàrú mọ́ ọ lójú, bi ẹni tó wà lórí àga. Ìdí tí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn.

Tí o bá ti mọ inú ilé, jáde sóko. Gba ọ̀nà òkúta tó wà láàárín àwọn ògiri tí wọn kò fi sìmẹ́ǹtì mọ, títí o fi dé àárín igi mastíha. Igi kúkúrú ni, ìtì rẹ̀ lọ́ bí ẹni tí inú ń run. Gúúsù Chios nìkan ni wọ́n ti ń rí oje rẹ̀ báyìí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á da ilẹ̀ funfun tó kúnná bí ẹfun sí i, wọ́n á sì fi irin ṣóńṣó ṣá èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oje á máa kán, á gan sórí ilẹ̀ funfun náà. Dákria ni wọ́n ń pè é, omijé. Ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ ni igi kan ń mú wá lọ́dún. Má fọwọ́ kan ohun tó bọ́ sílẹ̀ bí kò bá ṣe pé olóko pè ọ́, olóko ló ni ín, òógùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Má sì ṣáná sí ohunkóhun níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2012, iná jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi náà. Eérú ń já bọ́ sórí aṣọ tí mo sá. Ìgbà tí iná kú, mo rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó gbé ọwọ́ lé ìtì igi tó ti di èédú, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé ọwọ́ lé e. Èyí tí èèyàn bá gbìn lónìí á tó ọdún márùn-ún, mẹ́fà kó tó mú nǹkan wá.

Ọ̀nà Emporiós, níbi etíkun olókùúta dúdú, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣe mí. Mo kúrò nílé ní ago mọ́kànlá àárọ̀ nínú oṣù Keje, n kò dé fìlà, ike omi kékeré kan ni mo mú dání. Àlọ rọrùn torí ìsàlẹ̀ ni. Àbọ̀ di òkè, ó lé ní kìlómítà márùn-ún, kò sí òjìji. Orí mi ń fọ́, ojú mi ń ṣú, àfi ìgbà tí àgbẹ̀ kan dúró tó gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ láàárín àpò òfìfo. Oṣù Kẹwàá yìí gan-an ni ìgbà rírìn. Síbẹ̀, mú omi.

Láàárín ago mẹ́ta ọ̀sán sí márùn-ún àbọ̀, wọ́n ń sinmi. Má kàn lẹ̀kùn, má lu nǹkan, má pè mí kí o máa pariwo lójú fèrèsé. Ìdákẹ́jẹ́ tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹn, oorun àgbà ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ni kí o jáde sí pláteia, ìta gbangba àárín abúlé, kí o rìn yíká bí wọ́n ṣe ń rìn yíká. Bí wọ́n bá fún ọ ní sùúìtì orí ṣíbí kan àti omi tútù nínú gíláàsì, gbà á. Má sọ pé o ti yó. Àkókò tí mo kọ̀ ọ́ nítorí ojútì, mo rí i lójú ìyá náà pé mo ti dun wọ́n.

Kí n má gbàgbé: "né" lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ni. Bí wọ́n bá gbé orí sókè tí ẹnu wọn sì dún bíi pé wọ́n pòṣé, rárá ni wọ́n ń wí, wọn kò pòṣé sí ọ. Má sì na ọwọ́ márààrún sí ẹnikẹ́ni. Èébú tó jẹ́ nílé náà ló jẹ́ níbẹ̀.

Òtútù máa dé, ìwọ á fẹ́ tì ilẹ̀kùn. Má tì í. Àsìkò yẹn ni àwọn obìnrin máa ń kóra jọ yí tábìlì ká láti fọ mastíha. Ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n fi ń há ìdọ̀tí kúrò lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti ọ̀sán títí alẹ́ á fi lẹ́. Ọdún kejì mi ni wọ́n fún mi lọ́bẹ. Orí tábìlì yẹn ni mo ti gbọ́ èdè, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ wọn tó wà lójú omi àti ọmọ wọn tó wà ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni èmi náà ti sọ̀rọ̀ rẹ, pé mo fi ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọn kò dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀kan fi ọwọ́ tó ń rùn oje igi nu ojú mi. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, bá wọn lọ já ẹ̀fọ́ lóko. Radíkia wà níbẹ̀, kíkorò rẹ̀ dà bíi ti yánrin wa. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á da òróró ólífì àti ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ìwọ tí ò ń wá ẹ̀fọ́ gidi, bí o bá dúró nínú ilé o kò lè rí i.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ọ, Àdùnní. Nígbà tí yiayia kú, àkókò ìwé ìrìnnà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mo kúrò kí ogójì ọjọ́ wọn tó pé. N kò jẹ nínú kólíva wọn, àlìkámà bíbọ̀ tí wọ́n ń pín ní ìrántí òkú. Ó ń dùn mí dòní. Lọ sí itẹ́ òkú ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀pọ̀ obìnrin á wà níbẹ̀, wọ́n máa ń fọ òkúta ibojì, wọ́n á sì máa tan fìtílà. Kí wọn. Wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Dá wọn lóhùn, wọn á fi ibojì yiayia hàn ọ́. Rọ òróró ólífì sínú fìtílà tó wà níbẹ̀, fi òwú tuntun sí i, tàn án, kí o sọ fún wọn pé Níkì ní kí o wá kí wọn.

Lẹ́yìn náà kí o pè mí, kí o sọ fún mi bóyá ìyá olótòmátò yẹn ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Èmi ni,
Màmá rẹ.