Ẹ bá wa dá sí owó lọ́yà ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìlú ọba

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ọmọ Yorùbá tó ní ẹbí ní ìlú ọba, pàápàá àwa tí à ń tọ́ ọmọkùnrin níbí.

Bí wọ́n bá dá ọmọ ẹni lẹ́bi ní Crown Court, ìyẹn kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá, ọjọ́ 28 péré ló ní láti kọ̀wé pé ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Bó bá jẹ́ ìjọba ló sanwó lọ́yà rẹ̀ níbi ìgbẹ́jọ́, owó yẹn kó ìmọ̀ràn lórí èyí mọ́ra, ìyẹn dára. Lẹ́yìn náà, adájọ́ kan ṣoṣo ni yóò dá ka ìwé náà, láìpe ẹnikẹ́ni sí kóòtù. Bó bá ní kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ síwájú àwọn adájọ́ mìíràn ní gbangba. Ibẹ̀ gan-an ni ìjọba ti ń káwọ́ gbera. Lọ́yà tó bá bá a dúró lọ́jọ́ náà, ọ̀fẹ́ ló sábà máa ń ṣe é, àfi bí ẹbí bá dáwó tàbí bí àwọn adájọ́ bá gba ẹjọ́ náà wọlé. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé òfin ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ọdún 1968 fún àwọn adájọ́ lágbára láti pàṣẹ pé díẹ̀ nínú ọjọ́ tó ti lò lẹ́wọ̀n kò ní í wọ ìṣirò, bí wọ́n bá rí i pé ẹjọ́ náà kò nídìí. Wọn kò sanwó ẹni tó yẹ kó tọ́ ọ sọ́nà, wọ́n tún lè fìyà jẹ ẹ́ pé ó ṣìnà.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé ìwé ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ wá bá mi nínú báàgì Ghana-Must-Go: ẹ̀rí ọlọ́pàá, àkọsílẹ̀ ìpè fóònù, ojú ìwé lórí ojú ìwé. Ó ti kó owó èsúsú rẹ̀ kó tó bi mí bóyá yóò tó fún lọ́yà tuntun. Ẹni tí kò sí níbi ìgbẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó mọ ibi tí àṣìṣe wà.

Ẹ wo Andrew Malkinson. Lọ́dún 2004 ni wọ́n dá a lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ tí kò ṣe. Ó kéré tán, ọdún mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ní kó lò, ṣùgbọ́n kò jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, ló bá lo ọdún 17. DNA ọkùnrin mìíràn ti yọjú láti 2007. Àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wò kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń jẹ́ APPEAL ni kò fi í sílẹ̀ títí kóòtù fi dá a láre ní oṣù Keje 2023. Ẹni mélòó ló lè rí irú wọn?

Nígbà tí àwọn lọ́yà ẹjọ́ ọ̀daràn daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022 nítorí owó tí ìjọba ń san fún wọn, àwọn èèyàn wa kan bú wọn pé olójúkòkòrò ni wọ́n. Àfikún ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí owó kò bá sí rárá, kí ni àfikún fẹ́ ṣe?

Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí pẹ̀lú ìwé tó péye lè dìbò yan aṣòfin, torí ọmọ Commonwealth ni wá. Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò yín. Ẹ ní kí ìjọba máa san owó lọ́yà tó bá dúró níwájú àwọn adájọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì san owó gidi fún lọ́yà tuntun tó bá ka ìwé ẹjọ́. Èmi ti fi tèmi ránṣẹ́.

Òǹkàwé yín,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.