Lẹ́tà sí Àjàní nípa Cobra Kai

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Owó káráté tí o béèrè yóò wọlé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. N ò ní sọ pé kí o má kọ́ ọ, èmi tí mo wo Cobra Kai, eré tẹlifíṣọ̀n lórí káráté, láti apá kìíní dé apá kẹfà, ìpín 65 gbáko, tí mo sì sunkún nígbà tó parí lọ́dún 2025. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí o sọ lórí fóònù kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. O ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin náà rí i? Àánú ló kó bá Miguel.”

Jẹ́ ká jọ padà síbẹ̀, síbi ìjà ilé ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn apá kejì. Miguel, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ káráté, ti ká Robby tí wọ́n jọ ń bára wọn jà mọ́lẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú. Bó bá yí i díẹ̀ sí i, apá yẹn ti kán. Ó tú u sílẹ̀, ó tún ní kó má bínú. Robby dìde, ó fi ẹsẹ̀ gbá a, Miguel ré kọjá irin ẹ̀gbẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó já lulẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ló sì fi já. Ibẹ̀ ni ìwọ dúró sí. Èmi fẹ́ kí o wo ojú Robby lẹ́yìn náà. Ìbínú ti tán níbẹ̀, ẹ̀rù nìkan ló kù. Ó sá, àhámọ́ àwọn ọmọdé ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ìbínú yẹn ò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Rántí ìdíje káráté All Valley ní apá kìíní: Robby na ọwọ́ sí Miguel láti fà á dìde, Miguel sì fi ọwọ́ ọ̀hún fa èjìká rẹ̀ tó ti fara pa. Àánú dé lọ́jọ́ ìjà ilé ẹ̀kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè ọjọ́ ìdíje ṣì wà nílẹ̀. Ta ló kọ́ Miguel bẹ́ẹ̀? Johnny ni, bàbá Robby gan-an! Kreese ló sì kọ́ Johnny nígbà èwe rẹ̀: kọ́kọ́ lù ú, lù ú kíkankíkan, má ṣàánú. Láti ọdún 1984 tí Daniel ti fi ẹsẹ̀ gbá Johnny lójú níbi ìdíje kan náà ni Johnny ti ń gbé ọjọ́ yẹn kiri. Ó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tirẹ̀ wà níta. Ibí yìí ló máa ń dùn mí jù nínú eré náà, bóyá nítorí pé òbí ni mí.

Àmọ́ Johnny yí padà. Nígbà tí ẹsẹ̀ Miguel kò gbé e mọ́, òun ló dúró tì í. Ó gbé e lọ sóde orin lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ariwo gìtá gba gbogbo ilé, ẹsẹ̀ tó ti kú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó díẹ̀díẹ̀ nínú bàtà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà wò.

Nítorí náà, kọ́ ọ, kí o sì kọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí kò lágbára kò ní apá kankan lọ́wọ́ tí yóò tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá ká ẹnìkan mọ́lẹ̀, tú u sílẹ̀, kí o sì tètè kúrò nítòsí rẹ̀. Má ṣe kọ ẹ̀yìn sí i. Wo ẹni tí yóò kọ́ ọ pẹ̀lú. Ṣé o rántí pákó tí Daniel, tí òun náà ti di olùkọ́, gbé sórí omi nínú ọgbà Ọ̀gbẹ́ni Miyagi, olùkọ́ tirẹ̀ àtijọ́? Robby àti Sam, ọmọbìnrin Daniel, dúró lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá yẹsẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń bọ́ sómi. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí o wá.

Bí o bá ti lọ lẹ́ẹ̀kíní, pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Sọ ohun tí olùkọ́ yín wí nígbà tí ẹnìkan ṣubú fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ