Àgbàdo kò lè gba ipò sóyà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń po oúnjẹ adìẹ l'Ákùúrẹ́: bí sóyà bá wọ́n, ẹ má fi àgbàdo dí àyè rẹ̀. Lysine ni èròjà purotéènì tó ń mú adìẹ dàgbà, tí sóyà ní lọ́pọ̀; ti inú 100 kg àgbàdo kò ju nǹkan bí 250 g lọ. Òròmọdìẹ ẹlẹ́ran ń fẹ́ ju 1 kg lọ nínú 100 kg oúnjẹ.

Adìẹ kò lè ṣe lysine fúnra rẹ̀. Ewéko àti bakitéríà ló ní DHDPS, ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá) tó ń so kẹ́míkà méjì, pyruvate àti aspartate semialdehyde, pọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ síṣe lysine. Bí lysine bá ti pọ̀ díẹ̀ nínú ewéko, á lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù náà, iṣẹ́ á dúró. Ti Corynebacterium glutamicum kì í dúró bẹ́ẹ̀. Bakitéríà yìí ni wọ́n fi ń ṣe lysine oníyẹ̀fun.

Bí ẹ bá fẹ́ fi lysine oníyẹ̀fun kún oúnjẹ adìẹ, ẹ kọ́kọ́ po ìyẹ̀fun náà mọ́ 5 kg àgbàdo lílọ̀. Bí ẹ bá dà á sẹ́rọ lásán, á ṣù síbì kan, adìẹ kan á tóbi, èkejì á rán.

Àwọn òǹkàwé yín, Àkúrẹ́