Kì í ṣe ìwé ìròyìn ló gún àwọn agbábọ́ọ̀lù Essendon lábẹ́rẹ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì dúpẹ́ fún àyè tí ẹ fi sílẹ̀ kí àwa òǹkàwé lè máa bá ara wa fa ọ̀rọ̀ Essendon, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Melbourne ní Ọsirélíà tí wọ́n gún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Mo ti ka àwọn lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lórí rẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀nà méjì ni àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà pín sí. Àwọn kan ní àwọn oníròyìn Melbourne ló ba ẹgbẹ́ wa jẹ́, pé wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán kí adájọ́ kankan tó jókòó. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ojú àánú ni àwọn oníròyìn fi wo James Hird, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà náà, nítorí pé akọni ni ó jẹ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù. Olólùfẹ́ Essendon ni èmi náà, n kò sì fi í pamọ́. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń ka àwọn lẹ́tà náà, ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé a lè kọ ojú ewé mẹ́wàá lórí Hird kí á má kọ ìlà kan lórí ohun tí ó wà nínú abẹ́rẹ́.

Fún àwọn tí kò sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ní ṣókí. Bọ́ọ̀lù irú ti Ọsirélíà ni a ń sọ, èyí tí ènìyàn 18 ń gbá ní ìhà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sí. Nígbà tí Essendon ń múra sílẹ̀ fún sáà ọdún 2012, wọ́n gba Stephen Dank, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì eré ìdárayá, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń gún àwọn agbábọ́ọ̀lù lábẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2013, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà jáde, wọ́n ní kí AFL tí ó ń darí líìgì, àti ASADA, àjọ ìjọba tí ó ń gbógun ti lílo oògùn tí a kà léèwọ̀ nínú eré ìdárayá nígbà náà, wá wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ó tó di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2016, nígbà tí CAS, kóòtù àgbáyé tí ń gbọ́ ẹjọ́ eré ìdárayá, dájọ́ pé agbábọ́ọ̀lù 34 jẹ̀bi lílo Thymosin Beta-4, èròjà kan tí a kà léèwọ̀ nínú eré ìdárayá, tí ó sì fòfin ọdún méjì dè wọ́n.

Òótọ́ wà nínú ohun tí àwọn tí ń bínú sí ìwé ìròyìn ń sọ, n kò ní jiyàn ìyẹn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Essendon ti fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn ni àwọn mínísítà ìjọba àpapọ̀ pe àwọn oníròyìn jọ sí Canberra, tí wọ́n sọ pé ìwádìí fi hàn pé oògùn tí a kà léèwọ̀ àti àwọn ọ̀daràn ti wọ inú eré ìdárayá orílẹ̀-èdè náà. Wọn kò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, wọn kò sì dárúkọ ènìyàn. Richard Ings, ẹni tí ó ti ṣe ọ̀gá ASADA rí, pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ tí ó dúdú jù lọ nínú eré ìdárayá Ọsirélíà, gbólóhùn yẹn sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń tún sọ. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé orúkọ Essendon ti wà níta, Essendon ni gbogbo kámẹ́rà kọjú sí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ AFL wá jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníròyìn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá jò jáde nìkan ni àwa òǹkàwé ń rí jẹ. Ẹni tí ń jo ọ̀rọ̀ fún akọ̀ròyìn kì í ṣe é lásán. Ní ìgbà mìíràn, a ń ka ohun tí agbẹjọ́rò apá kan fẹ́ kí á gbà gbọ́, a sì rò pé ìròyìn ni a ń kà. Ibi tí ó yẹ kí akọ̀ròyìn kọ ọ́ gedegbe pé apá kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, díẹ̀ nínú wọn ló kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí á wá torí ìyẹn sọ pé ìwé ìròyìn ló dá wàhálà náà sílẹ̀, àṣejù ni. Ọ̀rọ̀ tí ó le jù lọ tí a tíì sọ nípa Essendon kò ti ẹnu akọ̀ròyìn kankan jáde. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló bẹ Ziggy Switkowski lọ́wẹ̀ láti yẹ ìṣàkóso rẹ̀ wò, òun ló sì kọ ọ́ sínú àbọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2013 pé wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ibi tí a ti ń fi oògùn dán nǹkan wò, láìsí ẹni tí ó ń ṣàkóso rẹ̀ bó ti yẹ, láìsí ẹni tí ó ń bèèrè ìdí, láìsí àkọsílẹ̀ tí ó péye. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bruce Reid, dókítà ẹgbẹ́ náà, ti kọ lẹ́tà ní oṣù Kìíní ọdún 2012 pé ọkàn òun kò balẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà. Kò tíì sí oníròyìn kankan lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú Caroline Wilson, àgbà akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù ní ìwé ìròyìn The Age nígbà náà, nítorí pé ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó yẹ kí Hird fi ipò sílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ohun tí ó kọ síwájú àbọ̀ Switkowski kí ẹ sọ fún mi èwo ló le jù. Èébú tí àwọn kan lára wa bu obìnrin yìí ń tì mí lójú títí di òní.

Ibi tí èmi ti mú àwọn oníròyìn ni pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ara àwọn agbábọ́ọ̀lù di ọ̀rọ̀ ènìyàn kan. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Hird gba Brownlow, àmì ẹ̀yẹ tí a ń fún agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ nínú líìgì AFL, ní ọdún 1996, òun sì ni balógun nígbà tí Essendon gba ife ní ọdún 2000. Ó rẹwà lójú, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìjà láàárín òun àti àwọn aláṣẹ AFL dùn ún kọ ju ọ̀rọ̀ èròjà tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé pè. Díẹ̀díẹ̀ ni àwa òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìwé ìròyìn gẹ́gẹ́ bí ibi tí a dúró sí: ẹni tí ó ń bínú sí Hird ra The Age, ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ra Herald Sun, oníkálukú sì ń lọ síbi tí wọn yóò ti sọ ohun tí ó wù ú fún un. Ọ̀rọ̀ ìpolówó tí ẹgbẹ́ náà mú jáde fún sáà ọdún 2013, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohunkóhun tó bá gbà ni a ó ṣe, wá di ohun tí ayé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. (Ẹni tí ó ronú rẹ̀ kò mọ ohun tí ń bọ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí.)

Nínú gbogbo ariwo yìí, ẹ̀rí tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà ni ó yẹ kí wọ́n là yé wa, òun gan-an ni a kò sì gbọ́ dáadáa. Kò sí agbábọ́ọ̀lù Essendon kankan tí àyẹ̀wò ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ó lo Thymosin Beta-4. Ẹ̀rí tí a kó jọ láti ibì kan sí ibì kan ni gbogbo rẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ohun tí a rà láti China, ohun tí apòògùn kan ní Melbourne pò, ohun tí Dank gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rántí. Ìlànà tí a fi ń gbé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wò ni pé kí ọkàn àwọn adájọ́ balẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ga ju kí á sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ga tó ti kóòtù ìwà ọ̀daràn. Ìgbìmọ̀ AFL gbé ẹ̀rí náà bí ẹ̀wọ̀n tí òrùka rẹ̀ so kọ́ra wọn, tí ọ̀kan bá já, gbogbo rẹ̀ ti já. Ọkàn wọn kò balẹ̀ pé ohun tí ó ti China wá jẹ́ Thymosin Beta-4 lóòótọ́, àwọn ẹlẹ́rìí pàtàkì méjì sì kọ̀ láti wá jẹ́rìí, nítorí náà ẹ̀sùn náà kò fìdí múlẹ̀. Àwọn adájọ́ CAS mẹ́ta ní ọ̀nà yẹn kọ́ ni ó yẹ láti fi wò ó. Wọ́n ní kí á gbé e bí okùn tí a fi ọ̀pọ̀ fọ́nrán lọ́: fọ́nrán kan lè já, kí okùn náà sì tún gba ẹrù dúró. Wọ́n wo gbogbo fọ́nrán náà pa pọ̀, títí kan ti pé nígbà tí àwọn ayẹ̀wò béèrè lọ́wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kí wọ́n kọ oògùn tí wọ́n ń lò sílẹ̀, wọn kò kọ abẹ́rẹ́ thymosin, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀wọ̀n àti okùn yìí kò lè lóye ìdí tí wọ́n fi dá àwọn ènìyàn kan náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2015 tí wọ́n sì tún dá wọn lẹ́bi ní oṣù Kìíní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí yóò rò ni pé ẹnìkan kórìíra Essendon. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ jáde ti ń wá. Àkọlé tí ó ní wọ́n ti wẹ̀ wọ́n mọ́ ní ọdún 2015 sọ ju ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ lọ, àkọlé tí ó pè wọ́n ní arẹ́nijẹ ní ọdún 2016 náà sì sọ ju ohun tí CAS sọ lọ, nítorí pé òfin WADA, àjọ àgbáyé tí ń gbógun ti oògùn tí a kà léèwọ̀ nínú eré ìdárayá, kò béèrè bóyá agbábọ́ọ̀lù fẹ́ rẹ́ni jẹ. Ohunkóhun tí a bá bá lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ló wà. Jobe Watson, balógun ẹgbẹ́ náà, tí ó gba Brownlow ní ọdún 2012, dá àmì ẹ̀yẹ náà padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, wọ́n sì fi í fún Trent Cotchin àti Sam Mitchell. Kò sí ibi tí CAS ti kọ ọ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó dùn mí jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, AFL bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2 dọ́là Ọsirélíà lé Essendon, ó yọ ẹgbẹ́ náà kúrò nínú ìdíje àṣekágbá ọdún náà, ó sì dá Hird dúró fún oṣù 12, nítorí pé wọ́n ba orúkọ eré bọ́ọ̀lù jẹ́. Ìròyìn yẹn kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, kóòtù májísíréètì ní Melbourne bu ìtanràn 200,000 dọ́là lé ẹgbẹ́ kan náà, lẹ́yìn tí ó ti gbà pé òun jẹ̀bi, nítorí pé kò jẹ́ kí ibi iṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ wà láìléwu. Mo mọ̀ pé òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, pé ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bu owó méjèèjì. Síbẹ̀, iye tí a dá lé orúkọ eré náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá iye tí a dá lé ara àwọn tí ń gbá a, èmi kò sì rántí lẹ́tà òǹkàwé kan ṣoṣo tí ó mẹ́nu ba ìkejì. Àkọsílẹ̀ kíkún tí yóò sọ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ohun tí wọ́n gún sí i lára, iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, kò sí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akọ̀ròyìn máa fi lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn, Hird ì báà wà níbẹ̀, Hird ì báà lọ.

Kì í ṣe Essendon nìkan. Ní ọdún 2016, gbogbo ayé gbọ́ pé wọ́n dá Mamadou Sakho ti Liverpool dúró nítorí oògùn tí ń jó ọ̀rá ara, kò sì bá wọn gbá àṣekágbá Europa League. UEFA tú ẹjọ́ náà ká ní oṣù Keje ọdún kan náà. WADA ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa rẹ̀ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó sì di ọdún 2020 kí ó tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní kóòtù London, tí ó sì gbà láti san owó gbà-má-bínú fún un. Títí di òní, mo ń pàdé àwọn tí wọ́n mọ apá kìíní ìtàn náà dáadáa tí wọn kò gbọ́ èkejì rí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, Olóòtú. Bí ìròyìn irú èyí bá tún dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ibi tí ẹjọ́ náà dé, ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ fún yín, àti bóyá àyẹ̀wò ló fi í hàn tàbí ẹ̀rí tí a kó jọ. Tí ẹjọ́ bá sì parí, ojú ewé tí ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ sí ni kí ẹ fi ìparí sí. Ní ti Essendon, ìdájọ́ CAS náà wà níta fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn yín ṣe àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá tí ó yé ènìyàn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó tún gba lẹ́tà mìíràn, tèmi náà pẹ̀lú, lórí ẹni tí ó fẹ́ràn Hird àti ẹni tí ó kórìíra rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, olólùfẹ́ Essendon