Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi lórí òjò inú aginjù Nevada

Reno, Nevada,
Ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Gbogbo ilé ńkọ́? Ṣé ara Màmá ti le dáadáa? Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì wo fídíò ẹrẹ̀ tí ẹ fi tẹ̀lé e. Ẹ ní kí n sọ bí aginjù Nevada yìí ṣe rí gan-an kí ọmọ yín tó gbéra ní Houston lọ bá àwọn ajórin ẹgbẹ́ rẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Fídíò yẹn kì í ṣe irọ́. Ọdún 2023 ni wọ́n yà á, níbi ọdún iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Burning Man. Àmọ́ òjò tó ń bà yín lẹ́rù yẹn kò pọ̀ rárá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù, àti ohun tí èèyàn bá fi ìwàǹwára ṣe ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ bá ti tutù.

Black Rock Desert ni orúkọ aginjù náà. Apá àríwá Nevada ló wà, ó tó ìrìn wákàtí mẹ́ta láti Reno bí ọ̀nà bá dá. Gerlach ni abúlé tó sún mọ́ ọn jù. Létí òkun San Francisco ni Larry Harvey àti Jerry James ti kọ́kọ́ dáná sun ère ọkùnrin onígi kan lọ́dún 1986. Lọ́dún 1990 ni wọ́n kó ọdún náà wá sínú aginjù. Ní báyìí, ìlú odindi ni wọ́n ń tẹ̀ dó síbẹ̀ lọ́dọọdún, tó ń gbà ju 70,000 èèyàn lọ, tí wọ́n á sì tú u ká pátápátá lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sí ọjà níbẹ̀ o. Kò sí máì ṣáyì, kò sí ẹni tó ń kiri búrẹ́dì, owó kì í ṣiṣẹ́ ju kéèyàn fi ra yìnyín lọ. Ohun tí èèyàn bá gbé wá ni yóò jẹ, ni yóò mu, ni yóò sì fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òjò ti ń le.

Ìsàlẹ̀ adágún ńlá ayé àtijọ́ kan, Lahontan, ni ilẹ̀ náà. Adágún yẹn ti gbẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, amọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kù. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé omi kò rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan gbà lọ. Eruku rẹ̀ kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí omi bá kàn án, amọ̀ á dí, omi kò ní lè rì wọlẹ̀, òkè ilẹ̀ nìkan ni yóò yí padà di ẹrẹ̀ alẹ̀mọ́. Òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, 2023, tó wọ òwúrọ̀ Sátidé, kò tó íńṣì kan. Ní Ìbàdàn, irú òjò bẹ́ẹ̀ kò ní lé olóde kúrò lábẹ́ kánópì. Níbí, òjò oṣù bíi méjì sí mẹ́ta ló rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n ti pápá ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó wà níbẹ̀, wọ́n ní kí kálukú dúró síbi tó wà, kí wọ́n máa ṣọ́ oúnjẹ, omi àti epo lò. Àyàfi ọkọ̀ pàjáwìrì, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn.

Ìdí tí wọn kò fi gbà kí ọkọ̀ rìn rèé, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ yẹn létí. Bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan lórí ẹrẹ̀ yẹn, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn yíká. Bó bá tún yí, òmíràn á lé èyí tó wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí yóò fi kún gbogbo àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀, táyà kò sì ní lè yí mọ́. Àwọn kan ní ọkọ̀ àwọn ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́lẹ̀, wọ́n gbìyànjú, òmíràn jáde, òmíràn rì. Kódà èyí tó jáde ti ba nǹkan jẹ́ sẹ́yìn, nítorí ojú ipa táyà rẹ̀ yóò gbẹ, yóò le bíi sìmẹ́ńtì, àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ tirélà kékeré yóò sì máa fò gìdìgìdì lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo ayé bá fẹ́ padà sílé. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣeé wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ kò le: kó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa, kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Bí amọ̀ bá bá bàtà dìde, kó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sápò. Bí àwọn alákòóso bá sì ní kò tíì yá, kó má wa ọkọ̀ náà rárá, bó ti wù kí iwájú àgọ́ tirẹ̀ gbẹ tó.

Ẹ lè ti gbọ́ pé Chris Rock, aláwàdà ará Amẹ́ríkà, àti Diplo, akọrin DJ, fi ẹsẹ̀ rìn jáde. Òótọ́ ni. Diplo fúnra rẹ̀ ló ní àwọn rìn tó máìlì mẹ́fà nínú ẹrẹ̀ kí ẹnì kan tó fi ọkọ̀ gbé àwọn. Àwọn alákòóso tilẹ̀ fi bọ́ọ̀sì sí Gerlach láti máa gbé àwọn tó bá rìn débẹ̀ lọ sí Reno. Èmi kò fọwọ́ sí i fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ní omi àti oúnjẹ nínú àgọ́. Ìrìn yẹn gùn, òpin rẹ̀ kò dájú, òru aginjù sì máa ń tutù gan-an fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti rin.

Tó bá di dandan kó jáde lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bàtà lásán kò ṣe é lò. Ẹrẹ̀ á máa lé sábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi wúwo bíi bíríkì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kó wọ ìbọ̀sẹ̀ nínípọn, kó fi ọ̀rá tó lágbára bò ó, kó tún wá wọ ìbọ̀sẹ̀ mìíràn sórí ọ̀rá náà. Ẹrẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà. Ẹsẹ̀ lásán ń dán àwọn èèyàn wò nítorí ó rọrùn, àmọ́ kó má ṣe é pẹ́. Iyọ̀ kan wà nínú ilẹ̀ yẹn tó jọ kán-ún, ó máa ń mú omi ara kúrò títí gìgísẹ̀ á fi là, á máa ta. Ẹni tó bá tẹ ẹrẹ̀ náà, kó po fínígà díẹ̀ mọ́ omi, kó fi fọ ẹsẹ̀, kó fi omi tó mọ́ ṣàn án, kó nu ún gbẹ, kó wá fi òrí pa á. Kí ẹ fi òrí gidi ránṣẹ́ sí i láti ilé, èyí tí Màmá ń rà. Ó dára ju ìpara tí wọ́n ń tà níbí lọ fún iṣẹ́ yìí.

Ní ti àgọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń yá kánópì fún olóde lẹ máa lóye èyí jù. Èèkàn kékeré tí ẹ ń gún sí ilẹ̀ pupa kò lè dúró níbẹ̀, ìjì eruku ibẹ̀ á fà á tu. Irin rọ́ọ̀dù tí àwọn birikilà ń lò ni wọ́n ń lò, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì, wọ́n á tẹ orí rẹ̀ kó rí bí ìkọ́, wọ́n á fi òòlù ńlá gbá a wọlẹ̀ pátápátá. Bí orí rẹ̀ bá ṣẹ́ kù síta, wọ́n á fi ike omi òfìfo bò ó, torí irú rọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ti ya ojúgun ọ̀pọ̀ èèyàn lóru. Nígbà tí òjò bá rọ̀, òkè ilẹ̀ á dẹ̀, okùn á dẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kó yí gbogbo okùn wò, kó fà wọ́n le, pàápàá kí afẹ́fẹ́ tó dé, torí afẹ́fẹ́ sábà máa ń tẹ̀lé òjò.

Ẹ sì sọ fún un nípa orí àgọ́. Àwọn ará ibí fẹ́ràn kí wọ́n na tápólì sórí òpó mẹ́rin kó tẹ́ pẹrẹsẹ, torí oòrùn nìkan ni wọ́n ń rò. Bí omi íńṣì kan bá dúró lórí tápólì mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, ó ju 220 kílò lọ. Òpó wo ló máa gbé e? Kó gbé apá kan sókè ju èkejì lọ, kí omi lè rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ àgọ́ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: bí etí tápólì bá yọ síta ju àgọ́ lọ, òjò á bọ́ sórí etí náà, á ṣàn wọ àárín tápólì àti àgọ́, ẹni tó sùn á jí nínú omi. Kó ṣẹ́ gbogbo etí rẹ̀ sábẹ́. Ibùsùn tó ga sókè sàn ju mátírẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ lọ. Wáyà iná jẹnẹrétọ̀, kó gbé gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, sórí àga tàbí korobá tó dojú dé. Bó bá sì ti wà nínú omi, kó pa jẹnẹrétọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Omi mímu ńkọ́? Gálọ̀nù kan ààbọ̀ lójúmọ́ fún ẹnì kan ni wọ́n ń sọ, èyí tó tó bíi lítà mẹ́fà. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, gálọ̀nù 13 ààbọ̀ nìyẹn. Kó fi ti ọjọ́ mẹ́ta lé e, kó di 18. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi lé e kì í ṣe àṣejù, torí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4, lọ́sàn-án, ni ọ̀nà tó ṣí fún ìpadàsílé ní 2023, àwọn tó yẹ kó ti wà nílé ní Sátidé ṣì wà níbẹ̀. Kó mú oúnjẹ tí kò nílò iná dání: ẹ̀pà, kúlíkúlí, gàrí, ẹja inú agolo. Gàrí ń jẹ omi o, kó kà á mọ́ ìṣirò omi.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníke ni gbogbo ìlú yẹn ń lò, ọkọ̀ ló sì ń wá fa ẹ̀gbin inú rẹ̀. Nígbà tí ẹrẹ̀ dá ọkọ̀ wọ̀nyẹn dúró, ẹ lè ro bó ṣe rí. Kí ọmọ yín ní korobá onídèérí, ọ̀rá nínípọn, àti ike ẹlẹ́nu gbòòrò fún ìtọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò gbé padà jáde, bí ó ti máa gbé pàǹtírí àti omi ìfọṣọ. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni aginjù yẹn, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ náà máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún kí wọ́n tó fọwọ́ sí ti ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó bá rì sínú ẹrẹ̀, ìbáà ṣe okùn ike kékeré, á gbẹ mọ́ ọn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣa ilẹ̀ yóò sì fi ọwọ́ yọ ọ́.

Fóònù kì í sábà mú níbẹ̀. Kí ó ra rédíò kékeré oníbátìrì, kó wà lórí 94.5 FM, BMIR ni orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ìròyìn ẹnubodè àti ti ọ̀nà. Èyí tó kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé nìyí: ní 2023 àwọn kan gbé e kiri pé Èbólà ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Irọ́ pátápátá ni. Àwa tí a rí ohun tójú Èkó rí ní 2014, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Èbólà kì í ṣe ohun eré. Ọkùnrin kan kú lọ́dún náà lóòótọ́, àmọ́ àwọn alákòóso ní ikú rẹ̀ kò tan mọ́ òjò. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn ọmọ yín fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má gba ti WhatsApp gbọ́ kí ẹ tó pè mí.

Ní ti iṣẹ́ irin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé kalẹ̀, kí wọ́n má fi kíréènì sí ọjọ́ ìkẹyìn. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá tutù, kíréènì kò lè wọlé, kò sì lè jáde. Ìdí kan náà ni ère ọkùnrin náà kò fi jóná ní Sátidé tí wọ́n dá, tí wọ́n sún un sí Sọ́ńdè, tó wá jóná ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe pé igi tutù nìkan. Ọkọ̀ panápaná àti ẹ̀rọ ńláńlá ni kò lè dé itòsí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì dáná sun irú nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èrò láìsí wọn ń fi ẹ̀mí èèyàn ta tẹ́tẹ́ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5, ni tẹ́ḿpìlì tó wà níbẹ̀ jóná. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ń kọ orúkọ òkú wọn sí, tí wọ́n ń fi fọ́tò wọn há ara ògiri, àwọn tó dúró dè é kò sì kábàámọ̀. Kó ya àyè sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ ìpadà, títò lásán lè gba ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Wọ́n máa ń tú ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìdì-ìdì, kí kálukú pa ẹ́ńjìnnì títí tirẹ̀ á fi kàn. Epo rẹ̀ kó kún kó tó wọlé, kó má sì fi sínú jẹnẹrétọ̀. Ní 2023 àwọn alákòóso bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó bá lè ní sùúrù di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìmọ̀ràn tó dára ni. Kó tó gun ọ̀nà ńlá 447, kó ha ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò nínú rímù táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ẹrẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ apá kan rímù ni yóò mú kí ọkọ̀ máa gbọ̀n bó bá ti sáré, ọ̀pọ̀ á rò pé ọkọ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀nà yẹn gba ilẹ̀ àwọn Paiute ti Pyramid Lake kọjá, àwọn ọmọ onílẹ̀ àtijọ́ ibẹ̀. Kó rọra sáré níbẹ̀, kó má ju pàǹtírí sí ilẹ̀ wọn. Bó bá dé Reno, kó wá sílé mi, kó fọ abẹ́ ọkọ̀ dáadáa kí iyọ̀ yẹn tó jẹ irin rẹ̀. Mo ti ní páìpù omi àti fínígà nílẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá, ìyàwó àti àwọn ọmọ. Owó oògùn Màmá ti wọ àkáǹtì yín lánàá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni àbúrò yín.