Lẹ́tà sí Bàbá Alákèrègbè

Bàbá Yuen Siu-tien,

Ẹ ò mọ̀ mí, ẹ ò sì gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn nígbà náà tí kò mọ̀ yín. Orúkọ yín gan-an la ò mọ̀. Bàbá Alákèrègbè la máa ń pè yín, nítorí akèrègbè ọtí tí kì í kúrò lọ́wọ́ yín, bíi ti ẹlẹ́mu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Imú yín pọ́n bí ata rodo, irun yín funfun, aṣọ yín ti gbó. Ilé aládùúgbò wa tó ní fídíò la máa ń há mọ́. Bí Jackie Chan bá ń jà nínú fíìmù kung fu, gbogbo wa á pa lọ́lọ́. Bí ẹ̀yin bá yọ báyìí, ẹ̀rín ti bẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi gbé akèrègbè tí Màmá Àgbà ń rọ epo sí. Ó ń ta gbọ́n-gbọ́n káàkiri àgbàlá, ó ká ìka ọwọ́ kejì bí ẹni di ife mú, ó ní kí n wá gba ẹ̀ṣẹ́ ọ̀mùtí. Ẹ̀ṣẹ́ ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi tí akèrègbè fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Epo dé ẹnu ọ̀nà. Ìyà tá a jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ fà á.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé òṣèré ni yín, ẹ kì í ṣe ọ̀mùtí. Inú ọ̀pẹ́rà Peking, eré orin àti òkìtì orí ìtàgé ilẹ̀ Ṣáínà, lẹ ti jáde wá. Láti nǹkan bí ọdún 1949 lẹ ti wà nídìí àwọn fíìmù nípa Wong Fei-hung, akọni oníjà ilẹ̀ Ṣáínà, tí Kwan Tak-hing ń ṣe ní Hong Kong. Kwan ni gbogbo ayé ń wò, ẹ̀yin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tó nǹkan bí ọdún 30 kí fíìmù méjì tó gbé yín síta lọ́dún kan ṣoṣo, 1978: Snake in the Eagle's Shadow àti Drunken Master. Ta ló sì darí méjèèjì? Yuen Woo-ping, ọmọ bíbí inú yín! Nílẹ̀ wa níbí, ta ló jẹ́ sọ fún bàbá ẹ̀ pé, "Ẹ tún un ṣubú, ti àkọ́kọ́ yẹn ò dáa"?

Wọ́n tún sọ fún mi pé òkìtì tó bá le, ọ̀dọ́ kan ni wọ́n máa ń dé irun funfun lé lórí. Inú bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá ẹsẹ̀ yín lò, ṣé ó lè yá ojú yín? Nínú Drunken Master, nígbà tí ẹ so Jackie Chan kọ́ ní ìsọdorí-kodò, tó ń fi ife kékeré gbọ́n omi, ojú yín ni mo ń wò, n ò wo tiẹ̀.

Drunken Master jáde lóṣù kẹwàá. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 1979, ẹ ti papòdà.

Mo wo The Magnificent Butcher lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ bá ṣe Alágbe So níbẹ̀, ọ̀mùtí tí ẹ ṣe nínú Drunken Master, ikú ni ò gbà. Fan Mei-sheng ló gba ipò yín. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ò mọṣẹ́ o, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n bó ṣe yọjú báyìí, mo ní, "Ẹni tó ni ín kọ́ nìyí." Mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Èmi ni,
Àbúrò ẹni tó fọ́ akèrègbè.