Orúkọ Ni Sáfà Oǹdó Kò Mọ̀

Alágbàka,
Àkúrẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé òtútù Kánádà ti ń dẹwọ́? Ara gbogbo wa le níbí. Ìyá mi kì í yé béèrè rẹ. Ọ̀rọ̀ tí o máa ń sọ nígbà tí a jọ wà ní ọ́fíìsì yìí, pé bí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù, bá ṣàìsàn, ká kọ́kọ́ yẹ DNS rẹ̀ wò, ìyẹn ibi tó ti ń béèrè nọ́ńbà tó bá orúkọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mu, mo gbàgbé rẹ̀, ó sì ná mi lọ́jọ́ mẹ́ta.

O rántí pé sáfà Active Directory, tó ń tọ́jú àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́, kan wà ní Àkúrẹ́, èkejì wà ní ẹ̀ka wa ní ìlú Oǹdó, wọ́n sì ń fi ohun tuntun ránṣẹ́ síra wọn. Exchange, tó ń pín ímeèlì, sì wà níbi méjèèjì. A gba òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́fà. Mo ṣí àkáǹtì wọn níbí, ímeèlì wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé sí wọn láti Oǹdó, 550 5.1.1 ló ń dá a padà, pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oǹdó sì ni akáǹtáǹtì wa wà. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ń retí ìwé owó oṣù rẹ̀. Lárààárọ̀ ló ń wá sídìí tábìlì mi, kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn dúró. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Exchange ni mo gbájú mọ́. Mo pa á, mo tún un tàn, mo tọ ipa ímeèlì títí, ọjọ́ méjì lọ. Ìgbà tó sú mi ni mo tẹ repadmin /showrepl, láti wo bí àwọn sáfà méjèèjì ṣe ń gbọ́ra wọn. Ọ̀rẹ́ mi, àṣìṣe 8524, pé DNS kò rí orúkọ sáfà kejì! Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ni Oǹdó kò ti gbọ́ nǹkan kan láti Àkúrẹ́. Event 2087, àkọsílẹ̀ ìkùnà DNS kan náà, kún ibẹ̀ bámú. Bí mo bá fi nọ́ńbà IP pe Àkúrẹ́ láti Oǹdó, ó ń jẹ́. Bí mo bá fi orúkọ rẹ̀ ní kíkún pè é, kẹ́kẹ́ pa.

Mo wọ mọ́tò, mo gba Òwénà lọ sí Oǹdó. Ẹni tó wá tún íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣe ló ti fi 8.8.8.8, ìyẹn DNS Google, ṣe DNS sáfà náà. Google mọ orúkọ gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò mọ agboolé wa. Orúkọ gígùn tó wà lábẹ́ _msdcs, tí àwọn sáfà fi ń wá ara wọn, ta ni yóò bi ní ìta? Àwọn kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ṣì ń bi sáfà Oǹdó, ó sì ń dá wọn lóhùn. Òun nìkan ló ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò. Ìyẹn ni ẹnikẹ́ni ò fi fura.

Mo fi sáfà Àkúrẹ́ ṣe DNS rẹ̀ àkọ́kọ́, mo fi òun fúnra rẹ̀ ṣe ìkejì, mo sì dá 8.8.8.8 padà sí ipò forwarder, ẹni tí sáfà ń bi ní orúkọ ìta tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Mo tẹ ipconfig /flushdns àti /registerdns, mo tún Netlogon bẹ̀rẹ̀, kí ó lè gbàgbé ìdáhùn àtijọ́ kí ó sì tún orúkọ rẹ̀ kọ sílẹ̀. Mo wá tẹ repadmin /syncall, kí àwọn sáfà lè gbọ́ra wọn lójú ẹsẹ̀. Àyà mi ń já. Ká ní ó ti kọjá 180 ọjọ́ tí í ṣe gbèdéke tombstone tiwa, ìyẹn iye ọjọ́ tí àmì ohun tí a ti pa rẹ́ fi ń wà nílẹ̀ ni, ńṣe ni ǹ bá tú sáfà náà palẹ̀ kí n tún un tò. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé. Kí n tó padà dé Àkúrẹ́, ọmọbìnrin yẹn ti gba ìwé rẹ̀, ó sì pè mí lórí fóònù láti dúpẹ́.

Dcdiag /test:dns, àṣẹ tó ń yẹ DNS wò, ti di iṣẹ́ mi gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè báyìí. Ìwọ ńkọ́, ṣé sáfà kejì lo máa ń fi ṣe DNS àkọ́kọ́, àbí sáfà náà fúnra rẹ̀? Fèsì kíákíá, mo fẹ́ tún ti Àkúrẹ́ ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.